Kì í ṣe owó epo rọ̀bì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́
Ẹni tó kọ̀wé pé owó epo rọ̀bì ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ṣi ìtàn sọ. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1956 ni wọ́n tó rí epo ní Oloibiri, tí títà rẹ̀ sókè òkun sì di 1958. Owó kòkó àti owó orí, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọ́kọ́ bínú sí, ni wọ́n ná sí i. Òógùn àwọn bàbá wa nìyẹn, kò sì yẹ ká gbà á lọ́wọ́ wọn. Àlá Awólọ́wọ̀ ló sọ ọmọ àgbẹ̀ di ẹni tó ń ka lẹ́tà fún òbí rẹ̀ láìbẹ akọ̀wé.