"Ṣé idẹ ń dógùn-ún ni?" Ẹ yẹ fáàfù abẹ́ bóòtì yín wò

Ó ti sú mi láti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí létí omi, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ra bóòtì àtijọ́, àwọn fíbà ọdún 1980 sí 1990 tí wọ́n ń kó wọlé ní tòkúnbọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá ní kó pààrọ̀ fáàfù ìsàlẹ̀ bóòtì, èyí tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbà wọlé, ohun tó máa bi yín ni pé "ṣé idẹ ń dógùn-ún ni?" Tí fáàfù náà bá wá le pátápátá tí kò yí mọ́, á rán mẹkáníìkì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn pílọ́mbà pé kó ra òmíràn wá, idẹ náà ṣáà ni, ó ń dán.

Lóòótọ́, idẹ kì í dógùn-ún bíi ti irin, àmọ́ ó ń jẹrà.

Èdè wa gan-an wà lára ohun tó ń kó wa sí wàhálà, torí idẹ là ń pe brass, idẹ náà là ń pe bronze. Òyìnbó tó tiẹ̀ ní orúkọ méjì fún wọn náà ń ṣì í pè: àwọn orí Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, bronze ni wọ́n ń pè wọ́n káàkiri, bẹ́ẹ̀ brass ló pọ̀ jù nínú wọn, bàbà lásán sì làwọn kan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi orí Ifẹ̀ dí ihò bóòtì sha.

Brass, bàbà àti síńkì ni. Ti àwọn pílọ́mbà yìí, síńkì inú ẹ̀ máa ń tó bíi 40 nínú 100, síńkì yẹn sì ni omi iyọ̀ máa ń fà yọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ku bàbà tó ti rí jágajàga bíi kànìnkànìn. Ẹ ò ní mọ̀. Á ṣì máa yí lọ́wọ́ yín, kò sì ní jò, àfi ọjọ́ tó bá dá. Bronze ní tiẹ̀, bàbà àti tin ni, ìyẹn ló ń fara da òkun. Stainless tí àwọn kan ń sáré sí náà ń ní ìṣòro níbi tí omi bá dúró sí tí atẹ́gùn ò dé.

Bóòtì ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n ti fà á sórí ilẹ̀ láti kùn ún lọ́dà, mo kàn fi ìdí screwdriver gbá fáàfù ẹ̀ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi sí i, ó dá sí méjì, ojú ibi tó ti dá pupa bíi bíríkì. Ó ní "ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ fọ́ ọ?"

Ká ní orí omi ló ti dá ńkọ́? Ihò ínṣì kan tó wà ní 60 sẹ̀ǹtímítà sábẹ́ omi, omi tó máa gbà á wọlé máa tó bíi 60 lítà ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì lọ, ìṣẹ́jú kan péré o, bátìrì tó ń gbé pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nínú bóòtì yín á sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ fa bóòtì sókè, ẹ fi grinder gé orí páìpù tó gba ara bóòtì kọjá sí fáàfù náà láti ìta, ẹ má fi agbára fà á kí fíbà má fàya. Bronze ni kẹ́ ẹ rà, tàbí brass tí wọ́n kọ DZR sí lára, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe kí omi má lè fa síńkì inú ẹ̀ yọ, tàbí oníláílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi fíbà sí nínú tí wọ́n dìídì ṣe fún bóòtì. Ẹ wo tíréèdì náà dáadáa, pàápàá bóòtì tó bá ti Amẹ́ríkà wá, torí tíréèdì páìpù tó gba ara bóòtì kọjá gbọọrọ ni, ti fáàfù ilé ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀ ìwọ̀nba ló máa wọra. Ìlànà ABYC, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà bóòtì kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ni pé kí fáàfù náà lè gba ẹrù 227 kílò fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìyẹsẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi pákó tó nípọn tì í lẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù polyurethane ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe sílíkóònù ilé ìwẹ̀ jàre. Ẹ tún so igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ẹ̀ẹ́ fi dí ihò.

Ọ̀rẹ́ mi ti pààrọ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin báyìí. Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló kù, ó ní ìyẹn ṣì ń dán.