Kí á tó máa jó nítorí kùsà Ìjerò

Ẹ̀yin ará Èkìtì tí ẹ ń yọ̀ káàkiri pé lítíọ́mù Ìjerò, kùsà tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, máa sọ wá di olówó, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ìlú tí wọ́n ti jó irú ijó yìí rí. Enugu ni. Jímọ́ọ̀ la gbéra l'Adó, èmi àti àbúrò mi. A gba Benin, a gba Asaba, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá ká tó débẹ̀.

Fàdákà làwọn òyìnbó ń wá kiri lórí òkè Udi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enugu, ní 1909 tí wọ́n fi kan èédú inú ilẹ̀. Nígbà tó di 1915, wọ́n ti ń wà á ní Ogbete. Ní 1916, rélùwéè ti ń kó o lọ sí Port Harcourt. Port Harcourt gan-an, torí èédú yìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà ń kó kòkó lọ sí tíṣàn Òṣogbo, èédú Enugu ló ń jó nínú rélùwéè yẹn.

(Mo jẹ okpa ní Ninth Mile. Ó jọ mọ́ínmọ́ín, kì í ṣe mọ́ínmọ́ín. Àbúrò mi jẹ mẹ́rin, ó tún ń wo tèmi.)

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló mú wa lọ sí Iva Valley, ibi tí wọ́n ti ń wa èédú nígbà kan. Igbó ti gba gbogbo ibẹ̀. Níbẹ̀ lọ́lọ́pàá ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1949. Owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ wọ́n ni wọ́n ń bèèrè o. Ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn dé Aba àti Onitsha.

Nígbà tó yá, a dé ibi tí omi kan ti ń sun jáde nínú ihò èédú lábẹ́ òkè. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó pọ́n bíi páànù tó ti dógùn-ún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Àwọn tó gbẹ́ ihò yẹn ti kú tán, omi rẹ̀ ò tíì dá.

Enugu tiẹ̀ rí rélùwéè gbà, ó sì di ìlú ńlá. Ìjerò ńkọ́? Kòtò tí omi òjò kún ni mo rí níbẹ̀ nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, kò sí ọgbà tó yí i ká, àwọn ọmọdé sì ń ṣeré létí ẹ̀.

Mo sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé àwa náà ti ní kùsà nílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo ló ń wà á?" Mo ya ẹnu, mi ò rí orúkọ kan ṣoṣo pè.

Ohun tí mo ń bá ìjọba àti àwọn ọba wa sọ nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń wa kùsà náà síbi tí gbogbo wa ti lè kà á, kí ẹ sì gba owó dídí kòtò lọ́wọ́ wọn kí ṣọ́bìrì tó kanlẹ̀.