Ẹ Kú Ìjẹko, Ẹ̀yin Ọ̀làjú

Ẹ kú ìjẹko o. Ẹ kú ewé. Ọlọ́run á jẹ́ kó bá ikùn lò. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mo kàn ní kí n kí yín ni, nítorí ọ̀làjú tó dé Ilé-Ifẹ̀ yìí ti kọjá ohun téèyàn ń wò tó ń panu mọ́.

Láàgéré ni mo wà, ọ̀sán pọ́n, oòrùn mú ganrínganrín. Ọmọbìnrin kan gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó to sàláàdì sórí rẹ̀ nínú àwọn ike onídèérí tó mọ́ gaara, tí gbogbo yín ń gbé kiri yẹn. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu mọ́. Ike tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló dá mi dúró. Ike ìfínmi ni, irú èyí tí onídìrí fi ń fín omi síni lórí kó tó ya irun. Ó ṣí sàláàdì kan, ó fín omi sí létúùsì: ṣíì, ṣíì. Ó yọ fóònù, ó ya á ní fọ́tò. Ó wo fọ́tò náà, ó yínmú. Ó tún fín in: ṣíì. Ó tún ya á.

Ẹ gbà mí láyè kí n yin ike yìí dáadáa, nítorí mi ò rí alágbára tó tó o rí. Létúùsì tó gun lọ́rì láti Jos, tó sun ojú ọ̀nà, tó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ọrùn rírọ̀, ike ló jí i dìde. Ìrì tí Ọlọ́run ń sẹ̀ lóru, tí oòrùn ń lá kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, ike ń sẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án gangan ní Láàgéré, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ooru mú ọmọbìnrin náà, ó yí ẹnu ike sí ara rẹ̀, ó fín ojú, ó fín ọrùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu òógùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan náà tún kùkúḿbà tò kó lè rí roboto, ó sì dá ẹnu ike padà sọ́dọ̀ ewé. Kò fi nǹkan kan ṣòfò. Ọkùnrin onítáì kan dé, ó ní kó fún òun ní èyí tó bá fúrẹ́ṣì jù. Ọmọbìnrin náà mú èyí tó sún mọ́ ọn, ó fín in dáadáa, fọ́fọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó dúpẹ́ o! Wọ́n ta omi fún un lórí ewé, ó sanwó, ó tún kí wọn kú iṣẹ́.

Mo sún mọ́ ike náà kí n lè fi ojú mi rí i. Wọ́n ti fi èékánná họ bébà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò họ tán. Orí obìnrin kan ṣẹ́ kù síbẹ̀, irun rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọmọ mi, níbo lomi yìí ti wá?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mọ́mì, omi táǹkì ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n fọ táǹkì náà gbẹ̀yìn?"

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ rà ni?"

Mi ò rà. Mọ́remí bá Ẹ̀sìnmìrìn dá májẹ̀mú kó tó gba ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ omi, ohun tó sì san kò kéré. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹ omi táǹkì lórí ewé, kí lẹ bá a dá?

Kì í kúkú ṣe Láàgéré nìkan. Àwọn tó ń lọ ewé ugu ní tútù wà, wọ́n á da mílíìkì sí i, wọ́n á gbé e mì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fúnni. Àwọn tó ń gbé ìgò ewé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ti ibi ìnáwó ló dùn mí jù. Níbi ìgbéyàwó kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn, mo jókòó, mo ń retí mọ́ín-mọ́ín, torí mo fojú ara mi rí i tí wọ́n ń gbé e kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ. Nígbà tó kàn mí, wọ́n gbé ìrẹsì dé, wọ́n kó ewé síbi tó yẹ kí mọ́ín-mọ́ín wà. Kíríìmù funfun orí rẹ̀ ti ń ṣomi, ó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Mo bi ọmọ tó gbé e wá pé mọ́ín-mọ́ín mi ńkọ́. Ó ní, "Mọ́mì, sàláàdì la fi rọ́pò rẹ̀, ó dáa fún ara àgbà."

Fún ara àgbà! Èmi tí mo ra aṣọ ẹbí, tí mo ra gèlè, tí mo wọ bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀, ewé ni wọ́n fi san án fún mi. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn kánópì láti lọ bá alásè sọ̀rọ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pátákó kan ṣoṣo: adìyẹ tútù kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, káróòtì bọ́ síbẹ̀, ọ̀bẹ ò yí padà. Adìyẹ ń lọ sínú epo tó ń hó, ohun tó bá gbé wá lára á kú síbẹ̀. Káróòtì ń bọ̀ wá sínú àwo mi tààrà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí adìyẹ fi sílẹ̀ fún un.

Nílé wa ní Ìlódè, ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ bọ́ síkòkò bí yanrìn bá ṣì kù nísàlẹ̀ igbá. Á ṣà á, á fọ̀ ọ́, á da omi nù, á tún fọ̀ ọ́, á bọ̀ ọ́, á fún un, epo á yọ́, irú á wọ̀ ọ́, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ilé wa ti ro ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ ni o, ṣọkọ ni o, gbúre ni o. Yánrin pàápàá, tó jẹ́ pé ẹbí kan náà ni òun àti létúùsì yín, iná ló ń gbà kọjá. Mi ò rí ilé kan ní Ìlódè tí wọ́n ti fín omi sí yánrin, kí wọ́n wá gbé e síwájú àlejò. Wọn ì bá sọ pé ìyá náà ń ṣàárẹ̀.

Àgbẹ̀ tó ń dáko lákùrọ̀ ò ṣe wá níbi kankan. Ìgbẹ́ adìyẹ ló fi mú ẹ̀fọ́ rẹ̀ yọ, odò tí ewúrẹ́ àti ọmọdé ń wọ̀ ló fi ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó mọ̀ pé a máa sè é. Àdéhùn tó wà láàárín òun àti ìyá mi nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ yẹ àdéhùn, tí ẹ yọ iná kúrò láàárín, tí ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ àti ẹyin aràn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"A máa ń fọ̀ ọ́, mọ́mì." Ẹ kú iṣẹ́. Fífọ̀ ń dín wọn kù, kì í kó wọn tán. Ewé ní kọ̀rọ̀ lára, ibi tí ọ̀bẹ bá sì gé ẹnu ọ̀nà ni fún kòkòrò àrùn. "A ń fi iyọ̀ sómi." Iyọ̀ á lé ìgbín. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù kì í ṣe ìgbín. Ooru tó bá dé 70°C láti òkè dé inú oúnjẹ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ, ìkòkò ìyá mi sì máa ń kọjá ìyẹn kó tó ki irú bọ̀ ọ́. Bó bá di dandan pé kí ẹ jẹko, ẹ já ewé ìta dànù, ẹ fi omi tó mọ́ tó ń ṣàn fọ ewé yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ ẹ́ kó tó pẹ́ nínú ooru. Ẹ ò ní ṣe é, mo mọ̀. Kì í hàn nínú fọ́tò.

Ẹ máa sọ pé òyìnbó ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà sì ń pa wọ́n. Ní Jámánì lọ́dún 2011, hóró fenugreek tí wọ́n mú kó hù, tí wọ́n ń jẹ ní tútù, ló kó kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní E. coli wọlé. Ó lé ní 3,800 ènìyàn tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó lé ní 50 tó kú, kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, létúùsì gan-an ni: 210 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ 36, márùn-ún kú, wọ́n sì bá kòkòrò náà nínú omi odò àfọwọ́gbẹ́ kan lágbègbè Yuma tí oko létúùsì wà. Ìlú tí lọ́rì ti ní fíríìjì nìyẹn. Àwa ńkọ́? Ike onídìrí.

Ṣé orí yín pé ṣá? Ọkùnrin onítáì yẹn, kó tó kúrò níbẹ̀, ó fi eyín fa ọ̀rá píọ́wọ́tà ya. Kò lè mu omi táǹkì, ẹ̀rù onígbáméjì ń bà á. Ó wá fi píọ́wọ́tà ti omi táǹkì wọlé! Ẹ̀yin tí ẹ kàwé tó báyìí, tí ẹ̀ ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo kí ẹ tó ṣí i, ọgbọ́n yín wá tán lórí ewé.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé ewé kì í jẹ̀bi láéláé. Àwọn ará Jámánì pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ilé àyẹ̀wò wọn, kùkúḿbà Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí. Ọjà àwọn àgbẹ̀ Sípéènì jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́, kùkúḿbà ò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà. Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀. E. coli sábà máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú èèyàn kó tó fara hàn. Táífọ́ọ̀dù lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà mìíràn kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí inú bá fi máa yọ yín lẹ́nu, ẹ ti gbàgbé sàláàdì, fọ́tò rẹ̀ nìkan ló kù lórí fóònù. Ohun tí ẹ rántí ni àmàlà tí ẹ jẹ lálẹ́ àná. Ẹ á di ikùn mú, ẹ á ní, "Ìyá alámàlà yẹn ti pa mí o." Obìnrin tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń hó láti ìdájí! Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ alámàlà, ìyá ọkọ ni wọ́n ń bọ́ sí lọ́rùn, pé ó fi nǹkan sí oúnjẹ. Mo mọ ilé kan tí wọn ò tíì kí ara wọn títí di òní nítorí irú ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi létúùsì léèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọ àbúrò mi ń ṣe ìgbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé tí wọ́n bá gbé ewé tútù síwájú mi, ilé ni mo ń lọ. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, owó sàláàdì ti wà pọ̀ mọ́ owó ìrẹsì, alásè ò sì ní dá a padà. Mo ní kí wọ́n bá mi bi í bóyá ó lè bọ̀ ọ́ fún mi.