Urus kọ́ ni jíìpù àkọ́kọ́ Lamborghini
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní Urus ni jíìpù àkọ́kọ́ tí Lamborghini ṣe, àti pé Porsche ti pa mọ́tò eré tì nítorí jíìpù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 1986 ni Lamborghini ti gbé jíìpù LM002 jáde, ẹ́ńjìnnì oníṣílíńdà 12 ló wà nínú rẹ̀. Ní ti Porsche, ọjà wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Boxster, mọ́tò eré, ló kọ́kọ́ gbé wọn dìde ní 1996, Cayenne tó jẹ́ jíìpù wá tẹ̀ lé e ní 2002. Mọ́tò eré wọn 911 tí wọ́n ti ń ṣe láti 1964 ṣì ń jáde títí dòní. Èrè jíìpù wà lára ohun tó gbé e ró. Àwa tá à ń wakọ̀ l'Óṣogbo níbí náà mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń fẹ́ mọ́tò tó ga nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ń ka ohun tẹ́ ẹ kọ.