Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ kan oyè Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òwò ẹrú nìkan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá dá dúró ní Èkó ní 1851, tí wọn kò sì fọwọ́ kan oyè, ọ̀rọ̀ yín kò pé. Lóòótọ́, Kòsọ́kọ́ ló kọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ní 1845, Akíntóyè fúnra rẹ̀ ló sì bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ (ibẹ̀ ni àwọn agbèjà wọn máa ń dúró sí). Ṣùgbọ́n àgbá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló lé Kòsọ́kọ́ jáde nínú ogun tí a ń pè ní Àgídìńgbì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akíntóyè tí wọ́n dá padà sórí oyè fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Beecroft, aṣojú wọn. Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di tiwọn ní 1861.