Irọ́ Ni Pé Ọjọ́ Ńlá Ló Ń Mú Ilé Dùn

Ọmọ ọdún mẹ́fà sáré wọlé: "Dádì, mo ti lè so okùn bàtà mi fúnra mi!" Bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Ó dáa. Lọ jókòó."

Bàbá yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó gbà gbọ́ ni ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́, pé ayọ̀ tó tó ayọ̀ ṣì wà níwájú: ọjọ́ tí a bá kọ́lé, ọjọ́ tí ọmọ bá gboyè, ọjọ́ tí owó gidi bá wọlé. Títí dìgbà náà, ká ṣì máa rọ́jú. Èrò yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Ní 1978, Philip Brickman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fọ̀rọ̀ wá àwọn 22 tó jẹ lọ́tìrì ńlá ní ìpínlẹ̀ Illinois, l'Ámẹ́ríkà, lẹ́nu wò. Ẹni tó jẹ kéré jù jẹ 50,000 dọ́là, àwọn kan sì jẹ mílíọ̀nù kan. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn 22 mìíràn tí kò jẹ kọ́bọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ìdùnnú wọn kò tó nǹkan. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìdáhùn wọn nípa àwọn nǹkan ojoojúmọ́, bíi kéèyàn bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kó jẹun àárọ̀, kó gbọ́ àwàdà tó pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn tó jẹ lọ́tìrì gan-an ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí adùn nínú wọn mọ́. (Èèyàn 22 kò pọ̀, mo gbà. Ẹ má fi ìwádìí kan ṣoṣo búra.)

Àmọ́ àwa náà mọ̀ ọ́n lára wa. Ohun tuntun kì í pẹ́ mọ́ni lára. Mọ́tò tí a fi yọ̀ lọ́dún tó kọjá ti di mọ́tò lásán. Ní 1991, Ed Diener, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé iye ìgbà tí inú ẹ̀dá ń dùn ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bí ayọ̀ náà ṣe ga tó. Ayọ̀ kékeré tó ń wá lemọ́lemọ́ ló ń gbé ilé ró.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń fojú kéré ohun ìgbafẹ́. Ẹni tó ń hun òwú, ẹni tó ń gbin òdòdó, ẹni tó ń tú rédíò tó ti bàjẹ́ palẹ̀ kó lè mọ ohun tó ṣe é, ayọ̀ wọn kì í dúró de àjọ̀dún kankan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa kò ju ọ̀kan lọ: "Ṣé ó ń mówó wọlé?" Ẹ rọra o. Ní 1973, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá mẹ́ta, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, mú àwọn ọmọ kéékèèké tó fẹ́ràn àti máa yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan ṣáájú kí wọ́n tó yà á. Nígbà tó ṣe, tí kò sí ẹ̀yẹ mọ́, àsìkò tí àwọn ọmọ wọ̀nyí lò nídìí àwòrán kò ju nǹkan bí ìdajì tàwọn yòókù lọ. Àwọn tí wọ́n kàn fún lẹ́bùn lójijì kò pàdánù nǹkan kan. Ìlérí tó sọ eré di iṣẹ́ ló ba eré jẹ́.

Báwo la ṣe wá ń yẹ́ ayọ̀ kékeré sí, nígbà tí kì í ṣe owó tàbí ẹ̀bùn? Iṣẹ́ tí onímọ̀ ìwà ẹ̀dá Shelly Gable àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2004 ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́rin lèèyàn ń gbà dáhùn bí ẹlòmíràn bá mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ẹnì kan á bá a yọ̀, á sì máa bi í léèrè síwájú sí i. Ẹnì kan á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kan á wá àbùkù sí i: "Tìtorí èyí lo ṣe ń pariwo?" Ẹnì kẹrin á ṣe bíi pé òun ò gbọ́. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti àkọ́kọ́ nìkan ló bá àárín tó gún rìn. Ẹ̀rín músẹ́ tí a rò pé ó ti tó kò tó rárá. Ní 2006, wọ́n tún wo tọkùnrin-tobìnrin 79 tó ń fẹ́ra, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n ṣe ń gba ìròyìn ayọ̀ ara wọn fi bí àárín wọn ṣe rí hàn ju bí wọ́n ṣe ń gba ìròyìn búburú lọ.

Ẹnì kan á ní àṣejù nìyẹn, pé ọmọ tí a bá ń yẹ́ sí lórí gbogbo nǹkan á bàjẹ́. Ta ló sọ pé ká pèsè àsè fún okùn bàtà? Ìbéèrè kan ti tó: "Ta ló kọ́ ẹ? Tú u, kí n rí bó o ṣe ń so ó." Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó sì ṣeé ṣe kí bàtà òsì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.