Ẹ fi wáyà wúfà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ bátìrì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí béèsì yìí máa lu àyà yín, ẹ má fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn wúfà o." Wúfà ni gbohùngbohùn ńlá tó ń gbé béèsì, ohùn ìlù tó rinlẹ̀, jáde. Mi ò rò pé ẹnì kan wà tó ra ẹ̀rọ orin sínú mọ́tò rí tí wọn ò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún. Ẹni tó ń tà á á sọ ọ́, rìwáyà á sọ ọ́, ọmọ àdúgbò tó kàn ń kọjá lọ náà á yọjú wá sọ ọ́. Wọ́n á wá na wáyà kan sí yín, ó nípọn bí àtàǹpàkò, rọ́bà rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ ó máa rí irin tó ń dán nínú rẹ̀. Ojú á wọ̀ ọ́. Owó á jáde.

Irọ́ ni. Wáyà tó ti ara amplifier, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, lọ sí wúfà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ béèsì tí kò lágbára. Mo mọ̀, torí mo pààrọ̀ tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Corolla tokunbọ̀ kan ni mò ń wà nígbà yẹn. Amplifier oní 500 wáàtì wà nínú búùtù, wúfà kan ṣoṣo ló ń gbé, óòmù mẹ́rin (óòmù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Béèsì àkọ́kọ́ á dún gbì, èyí tó tẹ̀ lé e á dẹ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀. Tí mo bá yí ohùn sókè díẹ̀ sí i, iná ewé tó wà lára amplifier á di pupa, wúfà á dákẹ́, á tún jí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Mo yọ wáyà wúfà, mo fi èyí tó nípọn jù ú lọ sí i. Kò yí padà. Mo tún fi èyí tó nípọn ju ìyẹn lọ. Bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà, kò le. Kí 500 wáàtì tó wọ wúfà olóòmù mẹ́rin, iná bí áńpíà 11 ló máa gba inú wáyà yẹn kọjá. Nínú búùtù, láti ara amplifier dé ìdí wúfà kì í sábà ju mítà kan lọ. Àlọ àtàbọ̀ rẹ̀, mítà méjì. Tí wáyà náà bá jẹ́ géèjì 16 (géèjì ni wọ́n fi ń pe bí wáyà ṣe nípọn tó), èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ ojúlówó bàbà, òun fúnra rẹ̀ ò ní jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 3 lọ nínú 500. Ẹ wá lọ ra géèjì 12 tó nípọn dáadáa: wáàtì kan àti díẹ̀ ló máa jẹ. Gbogbo èrè tó délẹ̀ fún wúfà lórí owó tẹ́ ẹ ná ò pé wáàtì 5. Bẹ́ẹ̀, kí agbára tó lé dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) kan péré, èyí tí etí ṣẹ̀ṣẹ̀ lè máa fura sí, ó ní láti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin ara rẹ̀ lé sí i. Ìdá mẹ́rin 500 jẹ́ 125.

Tó bá jẹ́ pé óòmù kan ni wọ́n so wúfà yín sí, iná á di ìlọ́po méjì, géèjì 12 tọ́ sí i nígbà yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Níbo wá ni béèsì ń gbà jò? Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fólítì 230 ni iná ilé. Ti mọ́tò, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kò ju 13.8 sí 14.4 lọ. Fólítì tó kéré báyìí, tó bá máa gbé iṣẹ́ ńlá, àfi kí iná tó ń ṣàn pọ̀. Kẹ́tù oní 2,000 wáàtì tẹ́ ẹ fi ń se omi tíì nílé ò fa ju áńpíà 9 lọ. Amplifier oní 500 wáàtì nínú mọ́tò, kódà irú Class D tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, á fa tó áńpíà 45 nígbà tí ìlù bá kanlẹ̀. Ìlọ́po márùn-ún kẹ́tù, láti ojú bátìrì níwájú, gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, dé búùtù! Mítà márùn-ún nìyẹn nínú mọ́tò tèmi.

Ibí yìí ni kí wáyà nípọn ti nítumọ̀. Géèjì 8 tó jẹ́ bàbà á gbé bí ìdajì fólítì mì lójú ọ̀nà yẹn. Géèjì 4 ò ní gbé ju ìdá márùn-ún fólítì lọ. Ọ̀pọ̀ amplifier ló sì jẹ́ pé tí fólítì tó ń wọlé bá ti dín, agbára tó ń jáde á já wálẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Mo gbọ́ èyí, mo gba ọjà lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà 4. Ọmọ tó ń tajà gé mítà mẹ́fà wáyà 4 fún mi, irú tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wáyà ẹ̀rọ amúlétutù sínú ilé. Inú mi dùn pé kò wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Wáyà ilé, 1.5, 2.5, 4, 6, bí nọ́ńbà ṣe ń ga ló ń nípọn, torí mìlímítà onígun mẹ́rin (mm²) ni wọ́n fi ń wọn ojú irin inú rẹ̀. Géèjì tí àwọn onímọ́tò ń pè, ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà ni, òdì-kejì sì ni: 8 tẹ́ẹ́rẹ́ ju 4 lọ, 4 tẹ́ẹ́rẹ́ ju 0 lọ. Géèjì 4, tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n wáyà ilé wò ó, 21 ni. Ìdá márùn-ún ohun tí mọ́tò nílò ni mo gbé wọlé.

Lẹ́yìn orin bí ogún ìṣẹ́jú, mo fọwọ́ kan wáyà náà lẹ́bàá bátìrì, mo sì yára fa ọwọ́ mi padà. Fíùsì áńpíà 100 tí rìwáyà fi sí i wà níbẹ̀ digbí. Kò lè já, torí áńpíà tó ń kọjá ò tó 100. Wáyà ni ìbá kọ́kọ́ jó. Ọ̀pọ̀ ló rò pé nítorí amplifier ni fíùsì yẹn ṣe wà. Wáyà ló ń ṣọ́. Ohun tí wáyà lè gbé ni kẹ́ ẹ fi yan fíùsì, kó sì sún mọ́ bátìrì, kó má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ.

Nígbà tí mo padà lọ ra géèjì 4 gidi, mo mú ọ̀bẹ dání. Wáyà mìíràn wà tó jẹ́ pé rọ́bà ló sanra, irin inú rẹ̀ ò ju ti géèjì 8 lọ. Òmíràn jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo jáde, ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bàbà pupa dénú, alumíníọ̀mù á funfun. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́ náà, alumíníọ̀mù ò tó ìdá mẹ́ta ìwúwo bàbà. Bí wọ́n bá sì nípọn bákan náà, iná tó lè gbé ò ju bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ti bàbà. Kì í ṣe májèlé, owó rẹ̀ rọjú, ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó kàn ra èyí tó nípọn sí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n gba owó bàbà lórí rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ẹ́ẹ̀tì, wáyà dúdú tí wọ́n ń dè mọ́ irin ara mọ́tò. Gbogbo iná tó bá gba wáyà pupa lọ, wáyà dúdú ló máa gbà bọ̀, bẹ́ẹ̀ àjákù wáyà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n á dè é mọ́ nọ́ọ̀tì ìjókòó lórí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Kí méjèèjì jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí dúdú kúrú, kẹ́ ẹ ha ọ̀dà títí irin á fi yọjú.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá tẹ́sítà kékeré tó ń wọn fólítì. Ẹ jẹ́ kí béèsì máa dún, ẹ wọn ojú bátìrì, ẹ wá wọn ojú amplifier. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni wáyà àti ẹ́ẹ̀tì ti jẹ. Nígbà tí wáyà amúlétutù wà lára mọ́tò mi, 13.6 ni mo bá níwájú, 11.9 ni mo bá ní búùtù. Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ rẹ̀, tí mo sì tún ẹ́ẹ̀tì ṣe, ó di 13.5 níwájú, 13.2 lẹ́yìn. Iná pupa ò tàn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wáyà wúfà tó nípọn bí àtàǹpàkò ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo kọ́kọ́ yọ ni mo dá padà sẹ́yìn wúfà.